Kí A Tó Pe Ọmọ Ní Olódo

Kò sí kíláàsì kan, yálà ní ilé-ìwé ìjọba, ní ilé-ìwé aládàáni tàbí ní ilé-kéwú, tí irú ọmọ mẹ́ta kan kò sí nínú rẹ̀. Èkíní ni ọmọ tí ó ń jà lójoojúmọ́, tí ó jẹ́ pé bí ẹnikéjì rẹ̀ bá ṣèèṣì fara kàn án, ẹ̀ṣẹ́ ni yóò fi dáhùn. Èkejì ni ọmọ tí kì í wá déédéé, bí ó bá sì wá, oorun ni ó máa ń sùn. Ẹ̀kẹta ni ọmọ tí ó jókòó jẹ́ẹ́, tí ojú rẹ̀ wà lára pátákó ìkọ̀wé ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀; bí olùkọ́ bá bi í ní ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ tán, kò ní rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Orúkọ ti wà nílẹ̀ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: olóríkunkun, ọ̀lẹ, olódo. Oògùn kan ṣoṣo náà ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé sì ní fún wọn: pàṣán.

Ohun tí ó yẹ kí gbogbo òbí, olùkọ́ àti ọ̀dọ́ mùsùlùmí ronú sí ni pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ burúkú, ọpọlọ wọn kò sì kú. Ọgbẹ́ ni wọ́n ní. Ọgbẹ́ náà kò sí lára tí ojú fi lè rí i; inú ọkàn ni ó wà, ohun tí ó dá a sílẹ̀ sì ti ṣẹlẹ̀ kí ọmọ náà tó wọ kíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tí ó bá ń na irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò mọ̀wé, ojú egbò ni ó ń na pàṣán sí.

OHUN TÍ ÌBẸ̀RÙ Ń ṢE NÍNÚ ARA

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Àwọn àgbà tí ó pa òwe yìí ti mọ ohun tí àwọn onímọ̀ ọpọlọ ń fi ẹ̀rọ wò lóde òní. Ọlọ́hun fi ọ̀nà ààbò kan sí ara ènìyàn. Bí ewu bá yọjú, apá tí ń ṣọ́ ewu nínú ọpọlọ yóò ta gbogbo ara lólobó. Àyà yóò máa lù kìkì, èémí yóò yára, àwọn èròjà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní adrenaline àti cortisol yóò sì tú sínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà náà, ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta ni ènìyàn yóò ṣe: yóò jà, yóò sá, tàbí kí ó dúró gbagidi bí ère. Bí ewu náà bá ti kọjá, ara yóò rọlẹ̀. Ìkẹ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún ẹni tí ó pàdé ejò lọ́nà oko.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé inú ilé ni ejò náà ń gbé ńkọ́? Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń lu ìyá rẹ̀ ní alaalẹ́, ọmọ tí ará ilé kan ń bá ṣe ìṣekúṣe ní ìkọ̀kọ̀, ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú tí kò sì sí ẹni tí ó sọ ibi tí ìyá náà lọ fún un, ọmọ tí kò mọ ibi tí oúnjẹ alẹ́ yóò ti wá: ara irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í rọlẹ̀. Agogo tí ó yẹ kí ó dún lẹ́ẹ̀kan kí ó sì dákẹ́ yóò máa dún tọ̀sán-tòru. Bí èyí bá pẹ́, yóò ran ọpọlọ tí ó ṣì ń dàgbà. Apá tí ń ṣọ́ ewu yóò máa ta gìrì nítorí ohun kékeré. Apá tí ń tọ́jú ìrántí kò ní lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ. Apá tí ó wà níwájú orí, èyí tí ènìyàn fi ń ronú tí ó sì fi ń kó ara rẹ̀ ní ìjánu, kò ní lágbára tó. Bẹ́ẹ̀ sì ni apá méjì ìkẹyìn yìí ni ọmọ fi ń ṣe ìṣirò, tí ó fi ń ka ìwé, tí ó sì fi ń há Àlùkùránì sórí.

Kí ènìyàn wá padà wo àwọn ọmọ mẹ́ta inú kíláàsì yẹn. Èyí tí ń jà, ewu ni ara rẹ̀ ń gbọ́ nínú gbogbo ìfarakàn. Èyí tí ń sá nílé-ìwé ń sá fún ohun tí ó ń bà á lẹ́rù. Èyí tí ń sùn ní kíláàsì kò rí oorun sùn lóru, nítorí àlákálàá tàbí nítorí pé ó ń tẹ́tí sí ẹsẹ̀ ẹni tí ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Èyí tí ó jókòó jẹ́ẹ́ ti dúró gbagidi. Bí olùkọ́ bá sì ṣe ń pariwo mọ́ ọn tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò ṣe máa jìnnà sí ẹnu rẹ̀ tó. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìwà ọmọ, àbò ara ni.

Ẹ̀RÍ ÀWỌN ONÍMỌ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròsọ. Ní ọdún 1998, dókítà méjì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Vincent Felitti àti Robert Anda, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn àgbàlagbà tí ó lé ní 9,000 ní ìlú San Diego. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n lù wọ́n bí ẹní lu bàrà ní kékeré, bóyá ẹnikẹ́ni bá wọn ṣe ìṣekúṣe, bóyá wọ́n ń lu ìyá wọn lójú wọn, bóyá ọ̀mùtí tàbí ẹlẹ́wọ̀n wà nínú ilé tí wọ́n gbé dàgbà. Ó ju ìdajì wọn lọ tí ó ti rí ó kéré tán ẹyọ kan nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó rí oríṣi mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọtí àmujù, oògùn olóró, ìbànújẹ́ ọkàn àti ìgbìyànjú láti pa ara ẹni pọ̀ sí jù lọ, ní ìlọ́po mẹ́rin dé ìlọ́po méjìlá ju ti àwọn tí kò rí ọ̀kankan lọ. Ọgbẹ́ tí wọ́n dá sí ọmọ ọdún mẹ́fà lára ṣì wà lára ẹni ọdún 50.

Ní ti ẹ̀kọ́, orílẹ̀-èdè Romania ni ẹ̀rí rẹ̀ ti hàn jù. Nígbà tí ìjọba Ceausescu wó ní ọdún 1989, ayé rí i pé ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ ni wọ́n kó sí ilé ọmọ aláìlóbìí, níbi tí wọ́n ti ń rí oúnjẹ jẹ ṣùgbọ́n tí kò sí ẹni tí ń gbé wọn mọ́ra. Láti ọdún 2000, àwọn onímọ̀ kan tẹ̀ lé 136 nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìlú Bucharest. Wọ́n fi ìdajì wọn sọ́dọ̀ àwọn alágbàtọ́, ìdajì yòókù sì wà ní ibi tí wọ́n wà. Àwọn tí ó bọ́ sọ́wọ́ alágbàtọ́ ní òye jù, èdè yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu jù. Àwọn tí ó sì tètè bọ́ síbẹ̀ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì ni ó jàǹfààní rẹ̀ jù lọ. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìfẹ́ àti ìgbẹ́kẹ̀lé kì í ṣe ohun tí a fi ń kẹ́ ọmọ bà jẹ́. Oúnjẹ ọpọlọ ni wọ́n.

ARIWO TÍ ÌLÚ GBỌ́ ÀTI ÈYÍ TÍ KÒ GBỌ́

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, kò ṣòro láti rí irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002, ohun ìjà olóró bú gbàmù ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà. Bí ìlú ti ń sá kíjokíjo nínú òkùnkùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn já sínú kánààlì Òkè-Afá, wọ́n sì kú sómi. Gbogbo àwọn tí ó kú lọ́jọ́ náà lé ní 1,000, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé kan tí ilé-ìwé ọmọdé wà lókè rẹ̀ wó ní Ìta Fájì, ní Ìsàlẹ̀ Èkó; bí 20 ènìyàn ni ó kú, wọ́n sì fa ọmọ púpọ̀ yọ láàyè lábẹ́ àwókù. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, òkú ni ìlú máa ń kà, a ó sì dúpẹ́ fún ẹni tí ó yọ. Ó tọ́ kí a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n fà yọ ní ọjọ́rú yóò tún wọ kíláàsì lọ́jọ́ kan, bí ilẹ̀kùn bá sì pa gbàmù lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe ariwo ilẹ̀kùn ni yóò gbọ́.

Síbẹ̀, ọgbẹ́ tí ó pọ̀ jù lọ ni èyí tí kò ní ariwo. Ní ọdún 2014, Àjọ Ìkànìyàn Orílẹ̀-èdè, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ UNICEF àti àjọ CDC ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí káàkiri Nàìjíríà nípa ìwà ipá sí ọmọdé. Ohun tí wọ́n rí ni pé nínú ọmọ mẹ́wàá, bí mẹ́fà ni ó ti fara gba ìwà ipá kan tàbí òmíràn kí ó tó pé ọmọ ọdún 18. Nínú ọmọbìnrin mẹ́rin, ọ̀kan ni wọ́n ti fi ìṣekúṣe lọ̀. Nínú ọmọkùnrin mẹ́wàá, ọ̀kan. Ojúlùmọ̀ ọmọ ni ó sábà máa ń ṣe é, púpọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí olùkọ́ bá ní ọmọ 40 ní kíláàsì, kí ó fi ìṣirò yìí lé wọn lórí, kí ó wá bi ara rẹ̀ léèrè iye ọgbẹ́ tí ó ń bá sọ̀rọ̀ láràárọ̀ láìmọ̀.

ÀMÌ TÍ OJÚ LÈ RÍ

Ọmọ kì í sábà sọ ohun tí ó ṣe é, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ a máa sọ ọ́. Ọmọ tí ó ti ń ṣe dáadáa tí ipò rẹ̀ ní kíláàsì wá já wálẹ̀ lójijì ń sọ nǹkan. Ọmọ tí orí tàbí inú ń dùn ní gbogbo àárọ̀ ilé-ìwé, tí dókítà kò sì rí àìsàn kankan, ń sọ nǹkan. Ọmọ tí ó sábà máa ń ta gìrì bí ènìyàn bá na ọwọ́ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí kò fẹ́ lọ sílé nígbà tí agogo bá lù, èyí tí ó ń fi eré ṣe ohun tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò yẹ kí ó mọ̀, gbogbo wọn ni ó ń sọ̀rọ̀.

Kí a mú ọ̀rọ̀ títọ̀ sílé. Ọmọ tí ó ti jáwọ́ nínú rẹ̀ fún ọdún méjì, tí ó wá tún bẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ àìsàn, ó sì lè jẹ́ ìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń ṣe fún un ní ilé púpọ̀? Wọn yóò gbé ẹní rẹ̀ lé e lórí, àwọn ọmọ àdúgbò yóò sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú orin yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ìbẹ̀rù ń ṣe, wọ́n tún fi ìtìjú kún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ọ̀dọ̀. A mú un kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lábúlé, ó ń sùn kẹ́yìn, ó ń jí ṣáájú, ó ń kiri ọjà kí ó tó lọ sílé-ìwé. Nígbà tí ó bá wá ń sùn lórí ìwé, wọn yóò ní kò lórí ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò bi í léèrè ìgbà tí ó rí ìyá rẹ̀ kẹ́yìn.

“WỌ́N NÀ WÁ, A SÌ DI ÈNÌYÀN”

Àwọn kan yóò ní: “Ìwà àwọn òyìnbó ni gbogbo èyí. Wọ́n nà wá ní kékeré, a sì di ènìyàn. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.” Òtítọ́ ni pé ọmọ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ pé wọ́n na òun tí òun sì di ènìyàn, àwọn tí ó kù lẹ́yìn nìkan ni ó ń kà. Kò ka àwọn tí ó sá kúrò nílé-ìwé ní kíláàsì kẹrin nítorí ẹgba, tí wọ́n wá di ọmọ gáréèjì. Kò ka àwọn tí ó pa kéwú tì láéláé nítorí pé ohùn ẹ̀kọ́ àti ohùn ìnà ti di ọ̀kan náà létí wọn.

Àwọn baba ńlá wa kò sì pa òwe yẹn nìkan. Àwọn náà ni ó ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, kí a fi tòsì fà á mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ti lo ọwọ́ ọ̀tún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ òsì ni kò sí ẹni tí ó rántí. Kì í ṣe pé kí òfin kíláàsì parẹ́. Ọmọ tí ó ní ọgbẹ́ nílò òfin ju ẹlòmíràn lọ, nítorí ibi tí òfin bá ti dúró ṣinṣin ni ó ti lè mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n òfin tí olùkọ́ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ, tí kò sì yí padà, ni ó wúlò fún un. Ìbínú tí ń ru lójijì kì í ṣe òfin. Irú rẹ̀ ni ọmọ náà ti ń rí nílé.

ILÉ-KÉWÚ NÍ TIRẸ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé-kéwú gan-an. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá kó ènìyàn tí ó lé ní 300, ọkùnrin àti ọmọdékùnrin, jáde ní ilé kan ní Rigasa ní ìlú Kaduna, tí wọ́n pè ní ilé-kéwú àti ibi ìtúnwàṣe. Ọ̀pọ̀ wọn ni ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn ẹbí kan ni ó fi ọwọ́ ara wọn mú ọmọ wọn lọ síbẹ̀, nítorí pé apá wọn kò ká ìwà ọmọ náà mọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, àwòrán ìnà tí wọ́n na àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-kéwú kan lágbègbè Ìlọrin tàn káàkiri, títí ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara fi dá sí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn Àlùkùránì kò gbọdọ̀ fẹ́ kí ọmọ rántí ìrora nígbà tí ó bá gbọ́ ọ.

Ta ni ó sì yẹ kí ó mọ ìrora ọmọ ju mùsùlùmí lọ? Ọmọ òrukàn ni Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Bàbá rẹ̀ kú kí wọ́n tó bí i. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí Aminat ìyá rẹ̀ kú. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí bàbá rẹ̀ àgbà, Abdul-Muttalib, tún kú. Abu Talib ni ó wá dì í mú. Nígbà tí òun náà di ẹni tí a fi ọmọ ṣọ́, Anas ọmọ Malik sìn ín fún ọdún mẹ́wàá láti kékeré, ó sì jẹ́rìí pé kò fi ìgbà kan pòṣé sí òun. Ẹni tí ó ń tọ ipasẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀, pàṣán kọ́ ni yóò kọ́kọ́ nawọ́ mú.

Bákan náà, bí ọmọ bá ń ké lóru tàbí tí ó ń sọ̀rọ̀ sódì, ojú ẹsẹ̀ ni àwọn kan ń ní àlùjànnú ni. Mùsùlùmí kò sẹ́ pé àlùjànnú wà. Ṣùgbọ́n àáfà tí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun yóò kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà, yóò sì ṣe àdúà fún un láì nà án, láì sì dí ọ̀nà dókítà. Àdúà àti ìtọ́jú kì í ṣe ọ̀tá ara wọn.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍ ÌKÁWỌ́ ONÍKÁLUKÚ

Èkíní, kí olùkọ́ pa ìbéèrè rẹ̀ dà. Dípò “Irú ọmọ wo nìyí?”, kí ó béèrè pé “Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yìí?” Kí ó pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí gbogbo ènìyàn ti lè rí wọn ṣùgbọ́n tí ẹlòmíràn kò lè gbọ́ wọn. Kí ó fetí sílẹ̀, kí ó má fi ipá fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀. Kí ó má sì ṣèlérí pé òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí bí ewu náà bá ṣì wà nílé, ó di dandan kí ó sọ fún ẹni tí ó lè gba ọmọ náà là.

Èkejì, kí ẹbí jáwọ́ nínú bíbo àṣírí ọ̀daràn. Bí wọ́n bá fipá bá ọmọ lò, ìpàdé ẹbí àti “ẹ jẹ́ kí ó tán sílé” kì í ṣe ìtọ́jú. Kí wọ́n gbé ọmọ náà dé ilé-ìwòsàn kí wákàtí 72 tó pé, nítorí oògùn tí ń dènà kòkòrò HIV kò wúlò mọ́ lẹ́yìn àkókò yẹn. Ní Èkó, Mirabel Centre tí ó wà ní ilé-ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà ti ń tọ́jú irú wọn láti ọdún 2013. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 wà nílẹ̀, gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà sì ti fọwọ́ sí tiwọn.

Ẹ̀kẹta, kí òbí má ṣe sá fún dókítà ọkàn nítorí orúkọ Arò tàbí Yábàá. Lílọ sọ́dọ̀ wọn kò sọ pé ọmọ ya wèrè, gẹ́gẹ́ bí lílọ sọ́dọ̀ dókítà eyín kò ti sọ pé ẹnu ti jẹrà. Ní Ìbàdàn, àwọn oníṣègùn wà tí ó jẹ́ pé ọkàn ọmọdé àti ọ̀dọ́ nìkan ni wọ́n kọ́ṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ti àwọn ọ̀dọ́, òun ni ó sì rọrùn jù. Ní erékùṣù Kauai ní Hawaii, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Emmy Werner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn ọmọ 698 tí wọ́n bí ní ọdún 1955 títí wọ́n fi dàgbà. Nínú àwọn tí òṣì, ìjà òbí àti àìsàn yí ká láti kékeré, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó dàgbà di ènìyàn gidi tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Lára ohun tí ó yọ wọ́n ni pé ó kéré tán, àgbàlagbà kan wà tí ó dúró tì wọ́n: ìyá àgbà, olùkọ́, tàbí aládùúgbò. Ẹnì kan ṣoṣo! Ọ̀dọ́ tí ó ń kọ́ ọmọ ní lẹ́sìnnì, tí ó ń tọ́ àwọn kéékèèké ní ilé-kéwú ọjọ́ ìsinmi, tí ó ń bá ọmọ àdúgbò gbá bọ́ọ̀lù, lè jẹ́ ẹnì kan náà fún ọmọ kan. Ohun tí yóò ná an kò ju pé kí ó mọ orúkọ ọmọ náà, kí ó máa wá ní ọjọ́ tí ó bá ní òun yóò wá, kí ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ìparí.

Ọmọ tí wọ́n pè ní olódo lónìí lè jẹ́ hàfíìsì, ó lè jẹ́ dókítà, ó lè jẹ́ ìyá rere lọ́la, bí ẹnì kan bá rí ọgbẹ́ rẹ̀ kí ó tó jẹrà. Àmáànà ni ọmọ, Ọlọ́hun yóò sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó fi í ṣọ́. Kí Ọlọ́hun fún àwọn olùkọ́ ní sùúrù, kí Ó la ojú àwọn òbí, kí Ó sì wo àwọn ọmọ tí ń sunkún nínú sàn. Àmín.